Igi Talásà Lórí Ilẹ̀ Ìyá Mi

Àlàádì, 12 oṣù Karùn-ún

Mukhtar ọmọ mi wá jẹun ọ̀sán. Ó gbé páálí ẹlẹ́rìndòdò kan wá bí ìṣe rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kó gbé e padà, pé ṣúgà ló fẹ́ fi pa òun kó lè tètè jogún kẹ̀kẹ́ òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí mo rí i pé ọmọ náà ò fọwọ́ kan ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀.

Ìgbà tí bàbá rẹ̀ lọ kírun Àsárì ló tó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ igi ni. Talásà, kọ́ńpìnnì ẹlẹ́rìndòdò tó ń bá ṣiṣẹ́, fẹ́ gbin igi ẹgbẹ̀rún márùn-ún kí òjò ọdún yìí tó dá. Ó ní gbogbo kọ́ńpìnnì ńlá ló ń ṣe é báyìí, pé àwọn tó ń yá wọn lówó lókè òkun máa ń béèrè: èéfín yín ńkọ́, ike yín ńkọ́, kí lẹ ti ṣe fún ilẹ̀? Òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Bó bá yọrí, wọ́n máa gbà á síṣẹ́ pátápátá, kò ní í máa fọwọ́ sí ìwé oṣù mẹ́fà-mẹ́fà mọ́. Bí kò bá yọrí, ìwé ọwọ́ rẹ̀ máa parí nínú oṣù Keje, ó sì parí nìyẹn.

Ilẹ̀ ni kò rí. Ó wò mí lójú. Mo mọ ilẹ̀ tó ń wò.

Àtàláátà, 14 oṣù Karùn-ún

Ọjà ò tà. Àwọn tó ń ra àpò lọ́wọ́ mi láti fi di gaàrí ní ẹ̀gẹ́ ti wọ́n jù, àwọn ò rí nǹkan dì. Mo jókòó ti àpò, mo ń ro Mukhtar. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò níyàwó, kò ní iṣẹ́ tó dúró. Rahmah, ọmọ mi obìnrin, ní Ìkòròdú náà nìyẹn, nọ́ọ̀sì, ó ní kí n má bá òun sọ ọ̀rọ̀ ọkọ lórí fóònù mọ́. Ta ló wá kù fún mi?

Sátidé, 18 oṣù Karùn-ún

Èmi àti Mukhtar lọ sí abúlé ìyá mi lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ọ̀nà burú, ẹrẹ̀ gba táyà lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni ìmàle inú wọn, ẹran Iléyá ni wọ́n fi ń rántí mi, nítorí náà mi ò lọ lọ́wọ́ òfo. Mo gbé ẹja gbígbẹ àti búrẹ́dì dání. Bàbá Ifádárà, àbúrò ìyá mi, ni olórí ẹbí báyìí. Wọ́n jókòó síwájú ilé, wọ́n ń pọ́n àdá.

"Àsíátù, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú o, Bàbá. A wá kí yín ni."

"Ẹ ṣeun. Ó dáa kí ẹ máa wá nígbà tójú wa ṣì là."

Mukhtar dọ̀bálẹ̀, ó sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa, mi ò lè purọ́. Ó sọ ti oòrùn tó ń le sí i, ti òjò tí kì í dé lásìkò mọ́, ti kọ́ńpìnnì wọn tó fẹ́ gbin igi tíìkì sórí ilẹ̀ ẹbí tó ti di igbó, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bàbá ní, "Ti òjò yẹn, a rí i. Igi náà kò burú. Ìgbà wo ni igi burú rí? Ẹni tó bá gbìn ín lọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀."

Wọ́n ní ẹbí máa jókòó lọ́jọ́ Sátidé tó bá tẹ̀lé Iléyá, nígbà tí àwọn ti Èkó bá wálé. Àwọn ọmọ igi lè máa wà lábẹ́ àtíbàbà kòkó títí di ìgbà náà. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi ẹyọ kan kanlẹ̀ kí ẹbí tó sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú mọ́tò, Mukhtar ní, "Màmá mi, ṣé ìyẹn wá ju igi lọ?"

Mo ní ó jù ú lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, àlejò tí a yá nílẹ̀ lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin àgbàdo, kó máa san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti gbin igi, ilẹ̀ ti di tirẹ̀ nìyẹn, torí igi á wà níbẹ̀ lẹ́yìn ẹni tó yá a nílẹ̀. Ẹjọ́ igi obì ẹyọ kan wà nínú ẹbí wa, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ wọn ò tíì máa kíra wọn.

"Ayé ti yí, Màmá mi. Ìwé ni wọ́n fi ń gba ilẹ̀ báyìí."

Mo ní kó sọ ìyẹn fún Bàbá Ifádárà.

Àlàmísì, 23 oṣù Karùn-ún

Mukhtar ti sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ l'Ékòó pé ilẹ̀ ti wà! Wọ́n fẹ́ wá gbìn ín lọ́jọ́ karùn-ún oṣù tó ń bọ̀, ó ní ọjọ́ tí gbogbo ayé ń ṣe àjọ̀dún àyíká nìyẹn, pé àwọn kọ́ńpìnnì tó kù á ti máa gbé àwòrán tiwọn jáde. Mo ní, "Ìwọ wá sọ pé kí ni?" Ó ní òun sọ pé ẹbí ti gbà, ó ku kí wọ́n jókòó. Mo ní ìyẹn kì í ṣe gbígbà. Ó ní òun mọ̀.

Mo ro ẹjọ́ fún bàbá rẹ̀. Ó ń tún rédíò ṣe, kò gbójú sókè. "Talásà yìí náà kọ́ ló ni àwọn ike tó dí gọ́tà ẹ̀yìnkùlé wa? Ẹni tó yàgbẹ́ sójúlé mi, tó wá lọ ń gbálẹ̀ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀."

Mo ní kó má jẹ́ kí Mukhtar gbọ́ ìyẹn.

"Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi."

Jímọ̀, 31 oṣù Karùn-ún

Iye tí wọ́n ń ta àgbò kékeré bà mí lẹ́rù, mi ò tíì gbọ́ irú iye yẹn rí. A máa pín ti ẹ̀gbọ́n Bàbá Mukhtar. Lọ́rì ti kó àwọn ọmọ igi lọ sábẹ́ àtíbàbà. Mukhtar ní àwọn òṣìṣẹ́ Èkó fẹ́ wá ṣán igbó. Mo ní kó dá wọn dúró. Ó ní òun ò lágbára ẹ̀.

Àlàrùbá, 5 oṣù Kẹfà

Kò sẹ́ni tó pè mí, mo kàn lọ ni. Mi ò lè jókòó ti àpò.

Àwọn òṣìṣẹ́ ti wá ṣán igbó lọ́jọ́ Àtìní láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹbí gbọ́. Láàárọ̀ òní ni Bàbá Ifádárà ní kí wọ́n ta màrìwò dí ẹnu ọ̀nà oko, láti orí ọ̀pẹ kan dé èkejì. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí yóò rí i tí kò ní í yà. Àálè ni, ó túmọ̀ sí pé kí ẹsẹ̀ àlejò má kọjá.

Ṣùgbọ́n èmi àti Mukhtar wà lẹ́yìn pẹ̀lú lọ́rì tó kó àga, lọ́rì sì rì lẹ́bàá odò. Àwọn ọkọ̀ ńlá ti Èkó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, wọ́n juwọ́ sí wa.

Nígbà tí a fi máa débẹ̀, wọ́n ti wọlé. Wọ́n ti wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ "Talásà Fẹ́ràn Ilẹ̀" sí. Ọ̀gá àgbà wọn wọ bàtà rọ́bà, ó mú ọ̀kan nínú màrìwò náà dání, ó ń fi fẹ́ra. Ọmọbìnrin kan sáré wá kí mi, Jessica, ọmọ Kàlàbá, òun ni ọ̀gá Mukhtar. Ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ẹ̀rín kún ojú rẹ̀. "Màmá, ẹ ṣé gan-an fún ọ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yìí. Gbogbo wa ló ti ya fọ́tò níbẹ̀!"

Mo fà á dìde kúrò nínú ẹrẹ̀.

Bàbá Ifádárà àti àwọn ọkùnrin ilé dúró sábẹ́ igi òro lọ́ọ̀ọ́kán. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Mukhtar sáré lọ bá ọ̀gá, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí. Ọ̀gá gbá a léjìká, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọkọ́ fún un. Ó ní ogún péré ni wọ́n máa gbìn lónìí, nítorí kámẹ́rà, ìyókù di ẹ̀yìn ìpàdé ẹbí. Ogún péré! Bí ẹni pé wọ́n ń ka ẹ̀pà. Ọmọ mi di ọkọ́ mú, kámẹ́rà yà á.

Wọ́n lọ tán, Bàbá wá síwájú mi. "Àsíátù, ilẹ̀ tí wọ́n sin ìyá ẹ sí nìyí o."

Jímọ̀, 7 oṣù Kẹfà

Mi ò sùn dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ mi lọ sókè, nọ́ọ̀sì ilé oògùn ní kí n má jẹ iyọ̀. Rahmah pè, ó ti rí àwòrán lórí fóònù: Mukhtar, ọkọ́, màrìwò, ọ̀gá. Wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé igi ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. "Màmá mi, ṣé màrìwò tí mo rí yẹn, tiwọn ni?" Mo ní tiwọn kọ́. Ó pariwo debi pé mo gbé fóònù kúrò létí.

Sátidé, 8 oṣù Kẹfà

Èmi, Bàbá Mukhtar, àti Mukhtar lọ bẹ̀bẹ̀. Bàbá Mukhtar tí kì í tẹ̀ fún èèyàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, pẹ̀lú eegun ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dùn ún. Mo mọrírì ìyẹn.

Bàbá Ifádárà ní kí wọ́n dìde. Wọ́n bi Mukhtar pé, "Nígbà tí o rí màrìwò, o mọ ohun tó jẹ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"O wá gbé ọkọ́."

"Ẹ̀rù iṣẹ́ mi ló bà mí, Bàbá."

"Ó dáa bí o ṣe sọ ọ́. Lọ hú u."

Ó hú gbogbo ogún náà fúnra rẹ̀, ó tún wọn dì sínú ọ̀rá dúdú, ó gbé wọn padà sábẹ́ àtíbàbà. Ìyàwó Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣẹ̀fẹ̀: "Ọmọ Talásà, rọra o, má jẹ́ kí gbòǹgbò já, ọ̀gá á bínú." Ó gbé omi fún un lẹ́yìn náà.

Àlàádì, 16 oṣù Kẹfà

Iléyá. Òjò lé wa ní yídì. Mo kó ẹran ti Bàbá Ifádárà sọ́tọ̀ kí n tó kó ti ẹnikẹ́ni.

Sátidé, 22 oṣù Kẹfà

Ẹbí jókòó. Jessica wá fúnra rẹ̀ láti Èkó, òun nìkan, láìmú kámẹ́rà. Mukhtar ti ṣàlàyé màrìwò fún un. Ó bọ́ bàtà kó tó wọ àgbàlá, ó kúnlẹ̀, ó ní òun ò mọ̀, pé lọ́dọ̀ àwọn náà wọ́n ń ta imọ̀ ọ̀pẹ dí ọ̀nà, ó yẹ kí òun ti béèrè. Ìyàwó Bàbá ní, "Ẹ wò ó, ó ní ìyá tó kọ́ ọ." Wọ́n fún un lága.

Ọ̀rọ̀ pọ̀. Ọlámilékan, ọmọ Bàbá tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò l'Ékòó, fẹ́ kí kọ́ńpìnnì sanwó tabua kí wọ́n gbin ohun tó bá wù wọ́n. Àwọn àgbà kọ̀. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí Talásà fún ẹbí ní àwọn ọmọ igi náà, kí ẹbí fọwọ́ ara wọn gbìn ín. Kí kọ́ńpìnnì máa wá wò ó, kí wọ́n máa ya àwòrán, kò sẹ́ni tó lé wọn. Pátákó ni kí wọ́n má rì síbẹ̀.

Bàbá ní, "Ẹ kọ ọ́ pé ẹ fún wa. Ẹ má kọ ọ́ pé ẹ gbìn ín."

Nígbà tí mo sin Jessica dé ìdí ọkọ̀, mo ní kò ha rọrùn, igi á ṣáà wà nílẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Èdè Yorùbá rẹ̀ ń yà sọ́tùn-ún sósì, àmọ́ ó yé mi. "Màmá, èyí tí a gbìn ni wọ́n ń kà lókè. Wọn kì í padà wá ka èyí tó hù." Ó ní ọdún mẹ́rin tí òun ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó rán òun padà sídìí igi kan rí. Ó ní òun máa bá wọn sọ ọ́.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo béèrè bóyá ó ti lọ́kọ. Mukhtar fà mí lápá.

Àtìní, 1 oṣù Keje

Èkó ti dáhùn. Èyí tí wọ́n bá fún èèyàn kò sí nínú kíkà. Wọ́n fẹ́ ìwé ilẹ̀ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lórúkọ Talásà. Bàbá Ifádárà ní kí Mukhtar má wulẹ̀ ka ìwé náà tán.

Owó ọkọ̀ ti tún gòkè, epo mọ́tò wọ́n, mo fẹsẹ̀ rìn dé ọjà.

Àlàmísì, 4 oṣù Keje

Ohun tí wọ́n wá sọ fún ọmọ mi rèé: àwòrán ti wà, ilẹ̀ ti wà nínú àwòrán, àwọn ọmọ igi ti kúrò nílé iṣẹ́. Kó kọ ìròyìn pé wọ́n ti gbìn ín tán, ẹgbẹ̀rún márùn-ún, kó fọwọ́ sí i, kí wọ́n lè gbà á síṣẹ́ pátápátá. Kì í ṣe Jessica ló sọ ọ́. Ẹni tó wà lórí Jessica ni.

Ó wá sọ fún mi lórí ìjókòó ìta. Mo ní kó kọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi tí mo lọ bẹ̀bẹ̀ nílé ìyá mi, mo ní kó kọ ọ́. Mo rò ó kí n tó sọ ọ́. Mo ro àwọn ọmọ tí wọ́n jọ jáde ní yunifásítì tó ń gun ọ̀kadà ní gáréèjì. Mo ní, "Àwọn ọmọ igi kúkú wà níbẹ̀. Ẹbí á gbìn ín nígbà tó bá yá. Irọ́ wo ló wà níbẹ̀? Ta ló máa wá láti òkè òkun wá kà á?"

"Kò sẹ́ni tó máa wá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni màá wá, Màmá mi. Gbogbo Iléyá tí ẹ bá ní kí n gbé ẹran lọ fún Bàbá. Orúkọ mi á ti wà nínú ìwé kan pé ilẹ̀ wọn ti di ti Talásà."

"Ìwé tí wọn ò rí!"

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ẹjọ́ igi obì ẹyọ kan pa ẹbí run."

Inú bí mi. Mo ní tó bá mọ ìyẹn, kí ló dé tó gbé ọkọ́ lọ́jọ́ náà? Ojú rẹ̀ yí padà. Ó dìde, ó lọ. Kò jẹun. Bàbá rẹ̀ tó wà nínú pálọ̀ dín ohùn rédíò kù.

Sátidé, 6 oṣù Keje

Mukhtar ò pè.

Àtàláátà, 9 oṣù Keje

Ó pè. Ó ti fi ìròyìn ránṣẹ́. Ó kọ ọ́ bó ṣe rí: wọ́n gbin ogún, wọ́n hú ogún, ìyókù wà lábẹ́ àtíbàbà, ẹbí ló máa gbìn ín. Jessica kà á, kò yí ọ̀rọ̀ kan padà, òun náà fọwọ́ sí i lábẹ́ tirẹ̀.

Mo béèrè bóyá ó ti jẹun. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni.

Àtìní, 15 oṣù Keje

Wọn ò tún ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ẹni kan ní ọ́fíìsì ló fi gbólóhùn kan sọ ọ́ fún un lórí fóònù, kò gba ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ń gbé iṣẹ́ igi náà lọ sí igbó ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn, níbi tí kò sí ẹbí tó ń jókòó. Owó lọ́rì láti kó àwọn ọmọ igi padà ju owó igi lọ, nítorí náà kí ó dà wọ́n nù.

Mo sunkún nínú báluwẹ̀, mo sì ṣí ẹ̀rọ omi. Bàbá Mukhtar kan ilẹ̀kùn. "Ìyá Mukhtar, omi tí kò wá láti àárọ̀, kí lo ń fi í ṣe níbẹ̀?" Lóòótọ́, ẹ̀rọ ń mí afẹ́fẹ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín láìfẹ́.

Jessica pè mí nírọ̀lẹ́. Wọ́n ti gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń polówó ọjà. Ó ní kí n máa pe òun lọ́mọ. Mo ní ó ti jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Sátidé, 20 oṣù Keje

Bàbá Ifádárà ránṣẹ́ pé òjò fẹ́ dá, kí a wá gbin igi. Mo rò pé ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń wá. Èmi àti Mukhtar nìkan la lọ. Ó rù. Nínú ọkọ̀, a ò sọ̀rọ̀ iṣẹ́, ó bi mí nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, mo bi í bóyá ó ń lo àwọ̀n ẹ̀fọn.

Gbogbo ilé ló wà lóko, tọmọdé tàgbà, olúkúlùkù ń gbìn sápá ọ̀dọ̀ baba tirẹ̀. Mukhtar bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ọmọ igi fún wọn láti àtíbàbà. Bàbá ní kó gbé ẹrù kalẹ̀. Wọ́n fi ọ̀pá wọn ya ilẹ̀ láti ìdí òro dé ẹ̀bá odò, wọ́n rìn ín lọ, wọ́n rìn ín bọ̀. Wọ́n wá gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ wọn, wọ́n nà án sí Mukhtar.

"Èyí, ìwọ ni kí o gbìn ín."

Mukhtar rò pé iṣẹ́ ni wọ́n rán òun. Ó ní, "Fún ta ni, Bàbá?"

Àwọn tó wà nítòsí dáwọ́ dúró. Ọlámilékan ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le, àmọ́ ó sọ ọ́: "Bàbá, ọmọ tí obìnrin ilé bí ni o."

"Ìyá Àsíátù ló pọ̀n mí dàgbà. Ẹ̀yìn ọkùnrin ni ìyẹn?"

Ìyàwó Bàbá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọlámilékan náà rẹ́rìn-ín, ó yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, ó padà sídìí igi tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún wí nǹkan kan. Ẹbí tó dákẹ́ ti gbà.

Ó wá yé ọmọ náà pé tirẹ̀ ni. Mo rí i nígbà tó yé e. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù tó yẹ kó fi wá iṣẹ́ ní ọjọ́ Àtìní, mi ò lè bá a wí.

Kì í ṣe pé ọkàn mi balẹ̀. Tíìkì kì í ṣe ẹ̀fọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó rí igi pákó nínú èyí, Mukhtar á ti hu ewú. Igi kò ní í san owó ilé oṣù Kẹjọ, kò ní í gbéyàwó fún un. Wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Odogbolu ń wá olùkọ́ tó mọ ìmọ̀ ilẹ̀, mo ti ní kí Rahmah bá mi béèrè.

Ó ti gbìn dé agbede méjì nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Gbogbo èèyàn sáré lọ sábẹ́ àtíbàbà. Òun ò sáré. Mo ṣí agbòòrùn, mo lọ dúró tì í, mo nà án bò ó lórí bó ti ń tẹ̀ tó ń nà, èmi fúnra mi ń rẹ.

"Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó."

Mi ò lọ.